Táyà òtútù fún píkọ́ọ̀pù tó pọn káńpà sẹ́yìn

Ẹ wo píkọ́ọ̀pù tó gbé káńpà dáadáa, ẹ ó rí i pé pípọ̀n ló pọ̀n ọ́n, bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ. Odindi ilé kékeré ló wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn: bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, fíríìjì, àgbá omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá. Ọmọ náà ga ju ìyá lọ, ó sì sanra. Bí ìyá bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gun òkè nígbà tí ilẹ̀ ń yọ̀, bàtà tó wọ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Calgary ni mo ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Alberta, ní Kánádà. Ọmọ Yorùbá kún ibí dáadáa, àmọ́ àwọn tó ń gbé káńpà jáde nígbà òtútù láàárín wa kò pọ̀, àwọn kan nínú wa sì gbà pé orí mi dàrú díẹ̀. Ẹni tó bá ti sùn mọ́jú ní ẹsẹ̀ òkè Rocky, tí hítà ń mú ara rẹ̀ yá gágá, tí yìnyín ń bọ́ sórí òrùlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò ní bá mi jiyàn. Highway 1 là ń gbà débẹ̀: láti Calgary kọjá Banff, wọ British Columbia ní Kicking Horse Pass, títí dé Rogers Pass tó ga tó mítà 1,330. Lójú ọ̀nà yẹn ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ kọ síbí.

Bí ènìyàn bá fẹ́ ra táyà òtútù, yìnyín ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Fún ọkọ̀ tó pọn káńpà, ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Táyà tí agbára rẹ̀ kò ká ẹrù lè bẹ́ mọ́ yín lábẹ́ kí ẹ tó débi tí yìnyín wà rárá.

1. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n

Ìwé pélébé tí ilé ìtajà káńpà fún yín, ẹ má gbára lé e. Ìwọ̀n káńpà òfìfo ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀. Tèmi, 1,180 kìlò ni ìwé rẹ̀ pè é. Lẹ́yìn náà ni mo kó bátìrì méjì sí i, sílíńdà gáàsì méjì, omi lítà 110 (lítà omi kan, kìlò kan ni), ìkòkò, àpótí oúnjẹ, kúbùsù mẹ́rin, bàtà yìnyín àwọn ọmọ, àti àpótí irinṣẹ́ tí n kì í fi sílẹ̀. Mo wọn ọkọ̀ láìsí káńpà, mo tún wọ̀n ọ́n pẹ̀lú káńpà. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lé ní 1,500 kìlò.

Níbi tí àwọn tírélà ti ń ra epo ni ẹ ó ti rí òṣùwọ̀n. CAT Scale wọ́pọ̀ gan-an ní Amẹ́ríkà, ó sì wà ní Kánádà náà. Ẹ rọ epo kún tánkì, ẹ kó gbogbo ẹrù ìrìn àjò sínú káńpà, kí gbogbo ẹni tó ń bá yín lọ jókòó sáyè rẹ̀. Ẹ rọra wakọ̀ gun orí rẹ̀ títí ẹsẹ̀ iwájú yóò fi wà lórí irin kìíní, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò sì wà lórí irin kejì. Ẹ lọ gba rìsíìtì yín. Nọ́ńbà iwájú á wà níbẹ̀, ti ẹ̀yìn á wà níbẹ̀, àti àròpọ̀ wọn. Tèmi sọ pé iwájú 2,090 kìlò, ẹ̀yìn 2,910, àròpọ̀ 5,000.

Nọ́ńbà ẹ̀yìn yẹn ni kí ẹ dì mú. Káńpà kì í pín ẹrù rẹ̀ dọ́gba. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù.

Ó yá, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Lára férémù tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́, ẹ ó rí sítíkà funfun. GVWR ni ìwọ̀n tí gbogbo ọkọ̀ náà, pẹ̀lú ẹrù àti èrò, kò gbọ́dọ̀ kọjá. GAWR ni èyí tí ẹrù orí ẹsẹ̀ iwájú tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ford F-350 ni ọkọ̀ mi, táyà méjì péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Sítíkà rẹ̀ sọ pé ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ kọjá 6,830 pọ́ùn, èyí tó jẹ́ 3,098 kìlò. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ka ara táyà tó bá ọkọ̀ wá, mo rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé 3,415 pọ́ùn. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 6,830 gẹ́lẹ́. Ibi tí agbára táyà parí sí ni ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fi òté lé. Ọjọ́ tí mo rí i ni mo mọ̀ pé táyà ọkọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a ń bá oníṣọ́ọ̀bù ná lẹ́nu ọ̀nà.

Láàárín 2,910 tí mo gbé àti 3,100 tí táyà méjèèjì lè gbé, 190 kìlò ló ṣẹ́kù. Kò pé àpò ìrẹsì mẹ́rin. Ojú mi kò gbà á. Mo fẹ́ kí ẹrù tó wà lẹ́yìn fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá dín sí agbára táyà, nítorí kòtò wà lójú títì, kọ́nà wà, afẹ́fẹ́ inú táyà sì máa ń lọ sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí mi o: táyà tó tóbi jù kò sọ ọkọ̀ di ọkọ̀ mìíràn. Òté orí sítíkà ṣì dúró. Rímù, sípíríǹgì àti bíréèkì kò mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ táyà.

Ẹni tó bá tú omi inú àgbá àti páìpù dà kí wọ́n má baà dì, ó ti dín ẹrù kù nìyẹn. Èmi máa ń gbé omi mímu sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 20 méjì dípò àgbá. Yìnyín orí òrùlé káńpà ńkọ́? Ẹ gùn ún lọ gbá a kúrò kí ẹ tó gbéra. Yìnyín tútù tó ti rin omi wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ, òkè pátápátá ló sì jókòó sí, níbi tó burú jù fún ọkọ̀ tó ń fì.

2. Ẹ ka ara táyà bí ẹni ń ka lẹ́tà

Ẹ mú iná fóònù, ẹ tan án sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Èyí tó wà lára tèmi nígbà yẹn ni LT275/65R18 123/120, pẹ̀lú lẹ́tà E nítòsí rẹ̀.

LT túmọ̀ sí pé wọ́n ṣe é fún ọkọ̀ akẹ́rù. Bí kò bá sí LT níwájú, tí nọ́ńbà kàn bẹ̀rẹ̀ lásán tàbí tí P wà níbẹ̀, ti mọ́tò tó ń gbé èrò ni. 275/65R18 ni fífẹ̀, gíga ẹ̀gbẹ́ àti ìwọ̀n rímù. E sọ bí ara rẹ̀ ṣe le tó. PSI 80 (PSI ni wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ inú táyà) ni irú rẹ̀ sábà máa ń gbà kó tó lè gbé ẹrù rẹ̀ tán. 123/120 ni ojú pàtàkì. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ti táyà tó dá wà, ìkejì ni ti táyà tó wà ní méjì-méjì lẹ́yìn. Wọn kì í ṣe kìlò. Àmì ni wọ́n, àwọn tó ń ta táyà ní ìwé tó tú u. Àwọn tí ẹ ó máa bá pàdé jù ni wọ̀nyí: 121 jẹ́ 1,450 kìlò, 123 jẹ́ 1,550, 125 jẹ́ 1,650, 126 jẹ́ 1,700. Lẹ́tà tó bá tẹ̀ lé e ni eré tí táyà lè bá sá. Q tó sábà máa ń wà lára táyà òtútù jẹ́ kìlómítà 160 ní wákàtí kan. Ẹni tó bá pọn káńpà tó ń wá eré tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àdúrà ló nílò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́ mi. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo ní káńpà, mo lọ sí ilé táyà kan láàárín ìlú níbí. Mo sọ fún ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn kántà pé 275/65R18 ni mo fẹ́, ti òtútù. Ó ní ó wà, ó sì fi 80 dọ́là dín owó rẹ̀ kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí iye tí mo ti gbọ́ níbòmíràn. Inú mi dùn dé ilé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lójú Highway 1, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fì bí ẹni tó ti mu ẹmu àmuyó. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òtútù ìta jẹ́ dígírì 12 nísàlẹ̀ òdo. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, mo fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó gbóná bí ife tíì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀ ti wú síta bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Ìgbà yẹn ni mo tan iná fóònù sí i: 275/65R18 116T. LT kò sí níbẹ̀ rárá.

116 jẹ́ 1,250 kìlò. Méjì rẹ̀, 2,500. Èmi sì gbé 2,910 lé e. Ó tún kù: bí wọ́n bá fi táyà mọ́tò èrò sábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, òfin àwọn tó ń ṣe táyà ni pé kí a pín agbára rẹ̀ sí 1.1 kí a tó gbà á gbọ́, ìyẹn ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó 1,140. Mo fi eré kìlómítà 50 padà sílé. Wọ́n gba táyà náà padà lọ́wọ́ mi, wọ́n yọ owó lórí rẹ̀, n kò sì bínú jù, torí èmi náà ni n kò ka ohun tí mo ń rà.

LT275/70R18 tí àmì rẹ̀ jẹ́ 125 ni mo padà rà. Méjì rẹ̀ gbé 3,300. Ó fi díẹ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fúnra wọn máa ń lo ìwọ̀n yẹn fún irú ọkọ̀ mi. Tí ti yín kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bi mẹkáníìkì léèrè bóyá kò ní máa ha ara ọkọ̀ bí ẹ bá ṣẹ́ kọ́nà.

3. Àmì òkè, àti ohun tí kò sọ fún yín

Lẹ́yìn ẹrù ni yìnyín kàn.

Àmì méjì ló wà tí ojú ènìyàn máa ń pàdé. M+S ni àkọ́kọ́: ó ń sọ pé ilé iṣẹ́ gé eyín táyà náà lọ́nà tó bá ẹrẹ̀ àti yìnyín mu. Kò sí ìdánwò kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ìkejì ni àwòrán òkè onígóńgó mẹ́ta tí ìràwọ̀ yìnyín wà láàárín rẹ̀. Èyí ti ṣe ìdánwò: wọ́n fi táyà náà gbéra lórí yìnyín tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi wé táyà àwòṣe kan; ó gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ìdá mẹ́wàá dára jù ú lọ.

Ẹ kíyè sí i pé orí yìnyín ni, àti pé gbígbéra ni. Nínú èdè wa, a lè pe gbogbo nǹkan funfun tó ń bọ́ látòkè àti èyí tó dì sílẹ̀ ní yìnyín kan náà, kó sì tán síbẹ̀. Táyà mọ ìyàtọ̀. Yìnyín tó fẹ́lẹ́ bí òwú, eyín táyà á wọ inú rẹ̀, á dì í mú. Omi dídì tó ń dán lójú títì, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní yìnyín dúdú nítorí pé ọ̀dà ló ń hàn lábẹ́ rẹ̀, kò sí ohun tí eyín máa wọ̀; rírọ̀ rọ́bà àti àwọn ìlà tín-ín-rín tí wọ́n là sára eyín ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àmì òkè kò dán bíréèkì wò lórí omi dídì. Nítorí náà, táyà méjì lè ní àmì kan náà kí ọ̀kan má wúlò tó èkejì ní òwúrọ̀ tí Highway 1 bá dì.

Rọ́bà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bí òtútù bá ti wọ dígírì 7 lọ sílẹ̀, rọ́bà táyà ẹ̀ẹ̀rùn bẹ̀rẹ̀ sí í gan, ti òtútù á ṣì rọ̀. Ẹ lè fi èékánná dán an wò: ní òwúrọ̀ tó bá tutù gan-an, ẹ tẹ èékánná àtàǹpàkò mọ́ eyín táyà méjèèjì. Ọ̀kan á gba èékánná yín, èkejì á dà bíi pé igi ni ẹ tẹ̀.

Lọ́dún 1934 ni ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Nokian lónìí, ní Finland, ṣe táyà òtútù àkọ́kọ́ láyé, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n sì ṣe é fún. Ti mọ́tò kékeré dé lẹ́yìn ọdún méjì. Inú mi máa ń dùn sí ìtàn yẹn, pé ọkọ̀ ẹlẹ́rù ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàánú.

Ní ti òfin: British Columbia fẹ́ táyà òtútù lójú ọ̀pọ̀ ọ̀nà òkè láti October 1 títí di April 30, àwọn ọ̀nà kan sì parí ní March 31. M+S tó wọn láti bá òfin náà mu, bí eyín rẹ̀ bá ṣì jìn tó mílímítà 3.5. Alberta tiwa kò fi dandan lé e. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ra èyí tó ní àmì òkè, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí eyín bá ku mílímítà 5. Fún ọkọ̀ tó wọn 5,000 kìlò, 3.5 ti pẹ́ jù.

4. Irú wo nínú irú mẹ́ta

Àkọ́kọ́ ni èyí tó rọ̀, tí kò gba ìṣó (irin kékeré tí wọ́n ń kàn sínú eyín táyà kó lè gún omi dídì), tí ìlà tín-ín-rín kún ara rẹ̀: Bridgestone Blizzak LT, Toyo Open Country WLT1. Orí omi dídì ni agbára wọn wà. Ìkejì ni èyí tí eyín rẹ̀ ga tó sì ní ihò tí wọ́n lè kan ìṣó sí: Firestone Winterforce LT, Nokian Hakkapeliitta LT3. Ìkẹta ni èyí tí wọ́n ń lò yíká ọdún tó sì ní àmì òkè, bíi Michelin Agilis CrossClimate.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń wa píkọ́ọ̀pù òfìfo kò ní rò. Eyín tó rọ̀, tó ga, tí wọ́n sì là sí wẹ́wẹ́, ó máa ń mì bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́. Bí káńpà bá wà lókè, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára ìdarí: ẹ darí ọkọ̀, ẹ̀yìn á dúró díẹ̀ kó tó tẹ̀ lé yín, bí ọmọ tí kò fẹ́ jí lọ sílé ìwé. Lórí títì gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ wà, kì í dùn mọ́ni. Táyà tí bulọ́ọ̀kù eyín rẹ̀ tóbi tó sì ki máa ń dúró gbọn-in.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹ bi ara yín: ibo lẹ ń lọ? Ẹni tó ń gba ọ̀nà òkè lọ́pọ̀ ìgbà láàárín December sí March, kó ra irú kejì. Èmi fi ìṣó sí tèmi. Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń dín ẹ̀pà, ó sì máa ń dín ìdìmú kù lórí ọ̀dà tó gbẹ, àmọ́ nígbà tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ láti Kicking Horse lọ sí Golden ní ìrọ̀lẹ́, n kì í rántí ariwo. Ilé táyà ni kí ẹ jẹ́ kó kan ìṣó, lára táyà tuntun tí kò tíì fọwọ́ kan ilẹ̀. Alberta gbà á. British Columbia gbà á láti October 1 sí April 30. Ontario kò gbà á ní gúúsù, àríwá nìkan ni. Ẹ wádìí ibi tí ẹ ń kọjá.

Ẹni tó jẹ́ pé inú ìlú ló pọ̀ jù fún un, tí òtútù ibẹ̀ jẹ́ omi dídì ju yìnyín lọ, irú kìíní ló dára. Ẹni tó ń gbé ní etí òkun, bíi Vancouver, tí káńpà rẹ̀ ń jáde lẹ́ẹ̀mejì péré láàárín òtútù, irú kẹta tó o, owó rẹ̀ á sì ṣẹ́kù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a ní August. LT tí àmì ẹrù rẹ̀ ga kì í pọ̀ nílẹ̀. Bí yìnyín àkọ́kọ́ bá ti bọ́, èyí tó bá kù ni wọ́n máa fẹ́ tà fún yín, báyìí sì ni èmi ṣe bọ́ sọ́wọ́ 116T.

Tòkunbọ̀? Mo mọ̀ wá. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí eyín tó ga tàn yín. Ẹ wá nọ́ńbà DOT lára ẹ̀gbẹ́ táyà, mẹ́rin tó kẹ́yìn ni ọjọ́ orí rẹ̀: 3519 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2019. Rọ́bà òtútù tó ti lé ní ọdún mẹ́fà, èmi kì í san owó fún un. Ó ti ń gan.

5. Bí ẹ̀yìn bá ní táyà mẹ́rin

N kò ní pẹ́ níbí, ọkọ̀ mi kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà kejì ni kí ẹ kà, ìyẹn èyí tó tẹ̀ lé ìlà: 120 jẹ́ 1,400 kìlò, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹrù kì í sábà jẹ́ ìṣòro wọn. Ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ni pé ẹrù pín sórí táyà mẹ́rin, kò tẹ yìnyín jíjìn dáadáa, yìnyín sì máa ń há sáàárín méjì. Ẹ má ra táyà tó fẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ, kí méjèèjì má baà máa fẹnu ko ara wọn. Mẹ́fà ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí gíga àwọn tẹ̀yìn sì dọ́gba.

6. Rímù àti ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, kì í ṣe ẹ̀yìn nìkan. Mo ti rí ẹni tó ra méjì fún ẹ̀yìn torí pé ibẹ̀ ni ẹrù wà. Iwájú ló ń darí, iwájú sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ bíréèkì.

Bí owó bá gbà, ẹ ra rímù irin mìíràn kí táyà òtútù máa gbé orí tirẹ̀, kí ẹ má máa já táyà kúrò lára rímù lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Rímù náà ní agbára tirẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Rímù tó lè gbé 1,450 kìlò lábẹ́ táyà tó lè gbé 1,650, 1,450 ni ẹ rà yẹn.

Ẹ bèèrè fálùfù náà. Fálùfù rọ́bà kékeré tó wà lára ọ̀pọ̀ mọ́tò, PSI 65 ló mọ. Ẹ ní kí wọ́n fi onírin sí i, tàbí rọ́bà tí wọ́n ṣe fún PSI 80 lọ sókè. Owó rẹ̀ kò tó oúnjẹ ọ̀sán, síbẹ̀ wọn kì í rántí àfi kí oníbàárà sọ ọ́.

7. Afẹ́fẹ́

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, torí ibí ni gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe lè bàjẹ́ sí. Táyà fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń gbé ẹrù. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni. 1,650 kìlò tí a ń sọ yẹn, PSI 80 ló ni ín. Bí afẹ́fẹ́ bá lọ sílẹ̀, agbára náà lọ sílẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé bí òtútù bá fi dígírì 5 tàbí 6 jábọ́, táyà á pàdánù PSI 1. Òótọ́ ni fún mọ́tò kékeré tó ń lo 35. Èyí tó wà ní 80, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ PSI 2. Ẹ gbé ọkọ̀ tí wọ́n fún táyà rẹ̀ ní 80 nínú ṣọ́ọ̀bù tó móoru ní dígírì 20 jáde sí ìta tó wà ní dígírì 25 nísàlẹ̀ òdo. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, géèjì á máa sọ 65. Kò jò, kò sí ìṣó tó gún un. Òtútù lásán ni, àmọ́ ẹrù inú káńpà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìta ni kí ẹ ti gééjì táyà, ní òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn. Ẹ fún un dé iye tí ẹ nílò níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Calgary mọ̀ pé ó kù: Chinook. Afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn lè gba orí òkè wá kó sì gbé wa láti dígírì 25 nísàlẹ̀ òdo dé dígírì 10 lókè òdo láàárín ọjọ́ kan. Táyà tí ẹ fún ní 80 lánàá á ti lé ní 90. Ẹ tú u díẹ̀. Géèjì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, kì í ṣe inú àpótí irinṣẹ́, torí ohun tí mo bá máa tú ẹrù kí n tó rí, n kì í wá a.

Bí ẹ bá sọ káńpà kalẹ̀ ńkọ́? Ẹ dín afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn kù. PSI 80 lábẹ́ píkọ́ọ̀pù òfìfo máa ń jẹ́ kí àárín táyà nìkan fọwọ́ kan ilẹ̀, ẹ̀yìn á sì máa yọ̀ síbí yọ̀ sọ́hùn-ún. Ẹ wo ìwé tí ilé iṣẹ́ táyà fi ń tú ẹrù sí PSI. Ẹ mú ìwọ̀n tí ẹ gbà lórí òṣùwọ̀n, ẹ pín in sí méjì, ẹ wá PSI tó bá a mu, ẹ fi díẹ̀ kún un. Àmọ́ ẹ má lọ sísàlẹ̀ ohun tí sítíkà ilẹ̀kùn sọ.

8. Ọjọ́ àkọ́kọ́

Táyà tuntun ní ọ̀rá díẹ̀ lára, ìṣó tuntun sì fẹ́ jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀. Nǹkan bíi kìlómítà 500 àkọ́kọ́, ẹ rọra: ẹ má gbéra pẹ̀lú ìbínú, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì. Lẹ́yìn kìlómítà 100, ẹ dúró, kí ẹ tún nọ́ọ̀tì dì pẹ̀lú sípánà tó ń ka agbára, sí iye tó wà nínú ìwé ọkọ̀ yín. Fífojú díwọ̀n bíi ti fọganáísà ẹ̀gbẹ́ títì kò yẹ níbí.

Ẹ ra ṣéènì tó bá táyà yín mu kí ẹ sì fi sínú ọkọ̀, bí òfin kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ bíi tiwa. Ẹ dè é mọ́ táyà lẹ́ẹ̀kan nílé, ní ọ̀sán, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Ó gba èmi ní ìṣẹ́jú 40 nígbà àkọ́kọ́, ìyàwó mi ń wò mí látojú fèrèsé.

Bí yìnyín àkọ́kọ́ bá bọ́, ẹ gbé ọkọ̀ pẹ̀lú káńpà lọ sí pápá ìgbọ́kọ̀sí tó ṣófo. Ẹ sá kìlómítà 30 ní wákàtí kan, ẹ tẹ bíréèkì. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ ka iye ìṣísẹ̀ tí ọkọ̀ fi yọ̀ kó tó dúró. Ẹ tún ṣe é ní 40. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ọkọ̀ tó wúwo máa ń dúró kíákíá nítorí pé ó tẹ ilẹ̀. Iye ìṣísẹ̀ tí ẹ bá kà ni kó sọ fún yín. Tèmi ní 40 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti 30.

April, nígbà tí òtútù bá ti kúrò ní ìsàlẹ̀ dígírì 7 pátápátá, ẹ tú wọn. Ẹ fọ iyọ̀ títì kúrò lára rímù, ẹ to táyà lórí ara wọn síbi tí oòrùn kò ti ń pa wọ́n. Kí ẹ tó tú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ibi tó ti wá sí i lára, kí ẹ lè pààrọ̀ iwájú sí ẹ̀yìn lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi máa ń kọ IWÁJÚ-ÒSÌ, Ẹ̀YÌN-Ọ̀TÚN, pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀. Ọmọ ilé táyà bi mí lọ́dún tó kọjá bóyá orúkọ àwọn ọmọ mi ni.